Mo fẹ́ mú màmá mi rìn káàkiri Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Bísí Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti màmá mi ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kẹjọ, Woolwich ni àbúrò mi ọkùnrin ń gbé, òun ló ní ká wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ òun, fíísà ti jáde, tíkẹ́ẹ̀tì náà ti wà nílẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ ò jẹ́ kó ráyè, wíkẹ́ńdì nìkan ló máa lè bá wa jáde, ìyókù ọ̀sẹ̀ èmi àti màmá la jọ máa máa lọ, èmi náà ò sì dé ibẹ̀ rí. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò lè gun àtẹ̀gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò ní gbà láti jókòó sílé máa wo tẹlifíṣọ̀n nílùú onílùú. Ańkárá ni wọ́n ń tà l'Ọ́jà Igbó láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, wọ́n fẹ́ràn kí wọ́n fi ojú ara wọn rí nǹkan kí wọ́n sì fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí Big Ben, àwọn fẹ́ rí ààfin ọba, lẹ́yìn ìyẹn ibi tó bá wù mí ni kí n mú wọn lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò tí kò ní òrùlé lókè yẹn, pé òun ló máa gbé wa yíká. Ṣé ìyẹn dáa? Owó tó bá ṣeé fi pamọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi pamọ́.

Àkàndé Òkè-Ẹlẹ́rìn:
Àǹtí Bísí, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, Ọlọ́run á mú yín lọ, á sì mú yín bọ̀ láyọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni èmi ń gbé, mo sì bẹ̀ yín, ẹ gbàgbé tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì yẹn. Bọ́ọ̀sì pupa tí àwọn onílùú ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ náà ń gba iwájú àwọn ibi tẹ́ ẹ fẹ́ wò kọjá. Lọ́dún 2025 pọ́n-ùn 1.75 ni wọ́n ń gbà, tẹ́ ẹ bá sì fi káàdì kan náà wọ òmíì kí wákàtí kan tó pé, wọn ò ní gba kọ́bọ̀ lé e. Ẹ wọ nọ́ńbà 12 ní Trafalgar Square, á gba Whitehall, á gba ẹ̀gbẹ́ Big Ben, á gun afárá Westminster sọdá odò Thames, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ilé aṣòfin wọn dáadáa, á wá máa lọ títí á fi dé Peckham. Ní Peckham ẹ rìn wọ Rye Lane, iṣu, ẹ̀fọ́, pọ̀nmọ́, àwọn tó ń fi Yorùbá nájà lójú títì, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ jẹun yó, kẹ́ ẹ wá wọ 177 tó máa gbé yín dé Woolwich tààrà. Ọjọ́ kan gbáko nìyẹn o, ẹ má fi nǹkan míì kún un. Àwọn tó ń wá láti ilé máa ń kọ ibi mẹ́wàá sílẹ̀ fún ọjọ́ kan, wọ́n á dé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, wọn ò ní rí ìkankan.

Nípa owó ọkọ̀, bọ́ọ̀sì wọn ò gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti 2014, káàdì ni. Kí àbúrò yín ti ra Oyster, káàdì tí wọ́n fi ń wọkọ̀, sílẹ̀ fún yín, kí màmá ní tiwọn, kẹ́yin náà ní tiyín, torí èèyàn méjì ò lè jọ fi ẹyọ kan wọkọ̀.

Ìyá Ìbejì Ọ̀yọ́:
Bísí ọmọ mi, kú ìtọ́jú ìyá, ọmọ tìẹ náà á tọ́jú ẹ. Mo ti lọ kí ọmọ mi níbẹ̀, orúnkún ń yọ èmi náà lẹ́nu, torí náà ọ̀rọ̀ orúnkún yẹn ni kó o kọ́kọ́ mójú tó. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ wọn, àwọn ibùdó kan wà tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí líìfùtù, màmá ò ní lè ṣe é. Elizabeth line ni kẹ́ ẹ máa wọ̀, ọdún 2022 ni wọ́n ṣí i, kò sí ibùdó ẹ̀ tó ò ní bá ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn, ó sì dùn pé ó dé Woolwich, kódà láti Heathrow ẹ lè bá a dé ibẹ̀ láìpààrọ̀ ọkọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, àga ìsàlẹ̀ níwájú, ti àgbàlagbà àti aláboyún ni, kí màmá jókòó síbẹ̀, kí wọ́n má gòkè. Ẹ má sì bá wọn gun inú Big Ben o, àtẹ̀gùn 334 ni! Ìta ni kẹ́ ẹ ti wò ó.

Ti ààfin, àwọn tó fẹ́ wo ìpààrọ̀ ṣọ́jà tí wọ́n ń ṣe láago mọ́kànlá máa ń tètè dé, wọ́n á dúró pẹ́, ìdúró yẹn ò dáa fún màmá. Ẹ kàn yà wo ààfin níta, kẹ́ ẹ wá lọ sí Horse Guards ní Whitehall, àwọn ṣọ́jà orí ẹṣin máa ń wà lẹ́nu géètì níbẹ̀ láti aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ máa sún mọ́ wọn dáadáa. Ẹ má fọwọ́ kan ìjánu ẹṣin o, ó lè géni jẹ.

Ìkọjá títì ńkọ́? Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ wọn ń gbà, bíi tiwa kí ìjọba tó yí i padà lọ́dún 1972. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọkọ̀ ti máa kọ́kọ́ dé bá yín, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láwọn ibì kan. Di màmá lọ́wọ́ mú.

Lánre LAUTECH:
Mo fara mọ́ bọ̀dá Àkàndé, àmọ́ bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò yẹn máa ń ṣàlàyé ibi tẹ́ ẹ bá dé, bọ́ọ̀sì ìgboro ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Tí màmá bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ó lè tọ́ sí owó ẹ̀. Ẹ ṣọ́ fóònù yín o, àwọn olè tó ń gun kẹ̀kẹ́ oníná máa ń já a gbà lọ́wọ́ èèyàn létí títì. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo máàpù, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri tàbí kẹ́ ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù kan.

Tísà Òwòdé:
Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un, torí ẹ ní aṣọ ni màmá ń tà. Ẹ mú wọn lọ sí Greenwich. 177 tí wọ́n dárúkọ yẹn náà ló ń gba ibẹ̀ kọjá, kò jìnnà sí Woolwich rárá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ National Maritime Museum, níta gbangba, ìgò ràgàjì kan wà níbẹ̀, àwòṣe ọkọ̀ ojú omi ló wà nínú ẹ̀, ti ọkọ̀ Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó kú lójú ogun Trafalgar lọ́dún 1805. Ọmọ Yorùbá ló ṣe é, Yinka Shonibare, Trafalgar Square ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí lọ́dún 2010. Ẹ wo ìgbòkun ọkọ̀ yẹn dáadáa, 37 ni, ańkárá ni gbogbo wọn! Pupa, yẹ́lò, búlúù, oríṣiríṣi bátànì tí màmá ti ń ká tó ń tú l'Ọ́jà Igbó láti ọjọ́ yìí wá. Kò sẹ́ni tó máa gbowó lọ́wọ́ yín.

Ọjọ́ míì, British Museum, ilé tí wọ́n ń kó nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé sí, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Ẹ wọ Elizabeth line dé Tottenham Court Road, kò jìnnà mọ́. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ aláàárẹ̀ tí wọ́n ń yá èèyàn, ẹ béèrè. Ó tóbi kọjá ohun tẹ́ ẹ lè wò tán, torí náà ẹ lọ tààrà sí apá ti Áfíríkà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé orí Ifẹ̀ sí, ère orí tí wọ́n fi idẹ rọ, èyí tí wọ́n hú jáde lágboolé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938 nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ máa rí ìlà tínńtín tó gba ojú ẹ̀ wá sílẹ̀, ó rẹwà débi pé ó ń dunni pé ibẹ̀ ló wà. Kí màmá rí i. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ Odùduwà tó bá dé ìlú yẹn rí i.

Bísí Ògbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣeun gan-an o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ka ti ańkárá yẹn sétí màmá, wọ́n ní ibẹ̀ làwọn máa kọ́kọ́ lọ, Big Ben lè dúró. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, torí náà bọ́ọ̀sì ìgboro la máa wọ̀. Ó ku ẹyọ kan: màmá fẹ́ di wàrà àti ẹran gbígbẹ fún àbúrò mi, ṣé wọ́n máa jẹ́ ká gbé e wọlé?

Àkàndé Òkè-Ẹlẹ́rìn:
Rárá o, àǹtí. Ẹran àti ohunkóhun tí wọ́n fi wàrà ṣe, wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ yín ní ẹ́ápọ́ọ̀tù ni. Gààrí ni kẹ́ ẹ gbé. Tí màmá bá sì fẹ́ rí àwọn tó ń ta ańkárá àti léèsì bíi tiwọn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Liverpool Street, kẹ́ ẹ béèrè Petticoat Lane, ọjọ́ Sọ́ńdè lọjà ẹ̀ máa ń kún jù, ẹ má lọ ní Sátidé.