Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: bíráwúsà wo ni mo lè lò tí ìpolówó kò fi ní máa lé mi kiri?

Aláàdìrẹ Ìtòkú
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Láptọ́ọ̀pù kan wà nílé wa tí àbúrò mi fi uBlock Origin, ohun tó ń dí ìpolówó mọ́, sínú Chrome rẹ̀ láti bí ọdún mẹ́rin, ọkàn wa sì balẹ̀. Ó ṣe, Chrome ní òun ti pa á, pé kò bá ìlànà òun mu mọ́. Bí ìpolówó ṣe ya wọlé nìyẹn. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ nígbà tí àwòrán tí kò yẹ ọmọdé yọ sí i. Ti fóònù mi tún yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo wá oògùn ẹsẹ̀ wíwú fún ìyá mi, láti ọjọ́ náà ni ìpolówó oògùn ẹsẹ̀ ti ń tẹ̀ lé mi dé ibi tí mo ti ń ka ìròyìn. Ta ló sọ fún wọn? Android ni fóònù mi, dátà sì wọ́n. Kí ni kí n lò?

Ọmọ Àsẹ̀rò
Ẹ kú ọjà, ẹ̀gbọ́n mi. Àbúrò yín kò ṣẹ̀ o. Google ló yí òfin tí àwọn extension (ohun àfikún tí a ń so mọ́ bíráwúsà, bíi uBlock Origin) ń tẹ̀ lé nínú Chrome padà, Manifest V3 lorúkọ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, uBlock Origin fúnra rẹ̀ ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń yẹ gbogbo ohun tó fẹ́ wọlé wò, tó sì ń dá èyí tí kò dára padà. Ní báyìí, àfi kí extension kọ orúkọ àwọn tí kò gbọdọ̀ wọlé sílẹ̀, kó fi ìwé náà lé Chrome lọ́wọ́, kí Chrome máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́n sì ti díwọ̀n bí ìwé náà ṣe lè gùn tó. Ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ti àtijọ́, nínú 2025 ó tán pátápátá. uBlock Origin Lite wà tó bá òfin tuntun mu, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ kò tó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Google ní nítorí ààbò ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, torí extension burúkú lè fi agbára àtijọ́ yẹn ka gbogbo ohun tí èèyàn ń ṣe. Síbẹ̀, ìpolówó ni Google fi ń jẹun, mi ò lè gbójú fo ìyẹn.

Ẹ gbé bíráwúsà Firefox sórí láptọ́ọ̀pù yẹn, kí ẹ sì fi uBlock Origin sínú rẹ̀. Mozilla tó ni ín sọ pé òun yóò máa gba tàtijọ́ àti tuntun pọ̀. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa kí ẹ tó gbà á: uBlock Origin, ti Raymond Hill. Kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì Ọbáńtókò
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ sì bá mi kí màmá. Ẹ lè lo Firefox lórí fóònù náà, ó ń gba uBlock Origin. Chrome orí fóònù Android kì í gba extension kankan. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń lò ó. Fídíò ìpolówó kì í wọlé rárá, nítorí náà ẹ ò ní san owó dátà rẹ̀.

Ní ti ẹni tó sọ fún wọn: kúkì ni. Ojú ìwé tí ẹ ti wá oògùn gba ilé iṣẹ́ ìpolówó kan láyè láti fi àmì sára bíráwúsà yín. Ilé iṣẹ́ kan náà tún wà lójú ìwé ìròyìn tí ẹ ń kà, ó rí àmì rẹ̀, ó dá yín mọ̀. Láti 2022 ni Firefox ti ń fi kúkì ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sínú ìkòkò tirẹ̀, kí wọ́n má baà ríra. Google náà ṣèlérí ní 2020 pé láàárín ọdún méjì òun yóò lé irú kúkì bẹ́ẹ̀ kúrò nínú Chrome. Wọ́n sún un síwájú títí, wọ́n sì pa ìlérí náà tì.

Bísínẹ́ẹ̀sì Sẹ́ńtà Kámpù
Èmi ò ní kí ẹ má lo Firefox, ṣùgbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ mi, àwọn pọ́tà ìforúkọsílẹ̀ kan wà tí kì í ṣí dáadáa nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á dúró lórí ìlà, owó ti lọ, fọ́ọ̀mù ò jáde. Ìyẹn ni mo ṣe fi bíráwúsà Brave sórí gbogbo ẹ̀rọ mi. Inú ara rẹ̀ gan-an ni wọ́n mọ ohun tó ń dí ìpolówó mọ́, kò nílò extension, òfin tuntun yẹn kò kàn án. Tí ẹ bá ti gbé e sílẹ̀, ẹ pa àwọn nǹkan owó kíríptò inú rẹ̀.

Ọmọ Àsẹ̀rò
Bọ̀dá, mo gbà pẹ̀lú yín. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé Brave ló kọ́lé, Google ló ni ilẹ̀: Chromium tí Google ń bójú tó ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, bíi ti bíráwúsà Edge àti Opera. Firefox náà kò bọ́ tán, torí owó tí Google ń san kí wíwá nǹkan rẹ̀ lè wà níwájú níbẹ̀ ni Mozilla fi ń gbéra. Adájọ́ kan ní Amẹ́ríkà dájọ́ ní oṣù kẹjọ 2024 pé Google ń dá ọjà wíwá nǹkan jẹ lọ́nà tí kò bófin mu. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án 2025, ó kọ̀ láti fipá mú wọn ta Chrome. Bí Firefox bá kú, ta ni yóò tún bá wọn jà? Ìdí tí mo fi ń bẹ èèyàn láti lò ó nìyẹn.

Akọ̀ròyìn Ìbàrà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí àwa náà. Ìpolówó ló ń san owó oṣù wa. Ìwé ìròyìn tí ẹ bá gbẹ́kẹ̀ lé, tí kì í ju àwòrán ìbàjẹ́ luni, ẹ tẹ bọ́tìnì ńlá inú uBlock Origin kí ẹ ṣí ọ̀nà fún un.

Aláàdìrẹ Ìtòkú
Ẹ ṣeun púpọ̀, mo ti gbọ́. Opera Mini ni mo ń lò nígbà tí dátà bá fẹ́ tán, tí mo bá sì fẹ́ ṣe nǹkan àṣírí, mo máa ń ṣí incognito, ojú ìwé àṣírí inú Chrome. Ṣé ìyẹn ò tó?

Ìyá Ìbejì Ọbáńtókò
Kò tó, Àǹtí. Incognito kì í jẹ́ kí ará ilé mọ ibi tí ẹ dé, àmọ́ ilé iṣẹ́ ń rí yín. Wọ́n pe Google lẹ́jọ́ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2020, ní 2024 ni Google gbà láti pa àkọsílẹ̀ tó ti kó jọ rẹ́. Ní ti Opera Mini, kọ̀ǹpútà Opera ló ń lọ bá yín gbé ojú ìwé wá, tó ń fún un kéré kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Ó dára fún ìròyìn. Ẹ má fi ṣe ti báǹkì.

Aláàdìrẹ Ìtòkú
Mo ti gbé Firefox àti uBlock Origin sórí fóònù lálẹ́ àná. Mo ka ìròyìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, oògùn ẹsẹ̀ kankan kò yọjú, mo sì ti ṣí ọ̀nà fún ìwé ìròyìn méjì. Ti láptọ́ọ̀pù ló kù. Gbogbo páàsìwọ́ọ̀dù mi wà nínú Chrome, ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ pàdánù wọn. Ọmọ Àsẹ̀rò, àbúrò mi, ṣé o máa ń gba Ìtòkú kọjá?

Ọmọ Àsẹ̀rò
Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀gbọ́n, lẹ́yìn aago mẹ́rin. A lè kó wọn láti inú Chrome lọ sínú Firefox. Ẹ má tíì yọ Chrome kúrò títí n ó fi dé.