Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, Kérésì ń bọ̀ àpò wa sì ti gbẹ

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan ló wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ẹ jọ̀ọ́. Ilé wa ni gbogbo ẹbí ti máa ń ṣe Kérésì lọ́dọọdún, àwọn àbúrò ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àtàwọn ọmọ wọn, wọ́n á tó 14 láìka àwa 5 tí a wà nílé. Láti oṣù Kẹjọ ni wọ́n ti gé owó oṣù ọkọ mi sí ìdajì, owó ilé ìwé àwọn ọmọ sì ń dúró dè wá ní Jánúárì. Mo ní ká kúkú sọ fún wọn, ọkọ mi ní láéláé, pé òun á yá owó lórí áàpù fóònù, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọmọ mi tó kéré jù ti kọ nǹkan 6 tó fẹ́ sẹ́yìn ìwé ìṣirò ẹ̀, ó fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ti àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ àmúrelé ẹ̀ ni mo fẹ́ wò tí mo fi rí i, mo rọra pa ìwé náà dé. Kí ni kí n ṣe? Ẹ má bú mi o.

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́ ìyàwó wa. Owó orí fóònù yẹn, ẹ bá mi bẹ ọkọ yín, a ti ṣe é rí nílé wa, ọjọ́ kan la fi ná an, ọdún Àjíǹde dé a ṣì ń san án, àwọn tó yá wa tún wá ń pe àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù wa, torí náà ẹni tí a ò fẹ́ kó mọ̀ gan-an ló kọ́kọ́ mọ̀. Tí ẹ bá sì yá a ní December, Jánúárì tí ẹ fẹ́ san owó ilé ìwé náà lèlé ẹ̀ máa dé.

Bọ̀ọ̀dá Ńlá: Mo fara mọ́ Ìyá Ìbejì, àmọ́ ìyàwó wa, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ fún ẹbí ọkọ yín. Ẹ jẹ́ kóun fúnra ẹ̀ pe àbúrò tó sún mọ́ ọn jù. Kò gbọdọ̀ rojọ́ gígùn, kó ṣáà ní ọdún yìí a máa ṣe é níwọ̀nba. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Tíṣà: Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní àgbà 8 ló wà nínú ẹbí, tí kálukú bá ra ẹ̀bùn fún àwọn 7 tó kù, ẹ̀bùn 56 nìyẹn. Tí ẹ bá kọ orúkọ sórí ìwé pélébé, tí ẹ ká a sínú fìlà, tí kálukú mú ẹyọ kan, ẹ̀bùn 8 péré ni, kò sì sẹ́ni tó máa lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹni tó bá mú orúkọ ara ẹ̀ kó dá a padà. Ẹ fi gbèdéke sí iye tí ẹnikẹ́ni lè ná, ẹni tówó ẹ̀ kéré jù ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n o, kì í ṣe ẹni tó lówó jù. Ẹ sọ ọ́ báyìí kí àwọn kan tó ti rajà. Ti oúnjẹ, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan kan wá, àmọ́ ẹ yàn án fún wọn! Nílé wa léṣìí a ò yàn án, ìdílé 4 ló gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá.

Àbúrò Yín: 😂😂 Ẹ tilẹ̀kùn jàre kẹ́ ẹ ní ẹ rìnrìn àjò.

Ìyá Ìbejì: Àbúrò, jókòó jẹ́ẹ́.

Àbúrò Yín: Ẹ má bínú mà. Ká sọ òótọ́, ohun tí mo rántí jù nínú Kérésì ni pé ọjọ́ yẹn nìkan ni bàbá mi máa ń wà nílé látàárọ̀, a máa ń ta lúdò, wọ́n á fi daísì pamọ́ sábẹ́ orúnkún wọn kí wọ́n lè rẹ́ wa jẹ. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ọmọdé ò fẹ́ ẹ̀bùn o, wọ́n fẹ́ ẹ. Ẹ ra ẹyọ kan, èyí tó fàlà sí yẹn.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an. Mo fi èsì yín han ọkọ mi, kò sọ̀rọ̀, mo ṣáà rí i tó ń fi fóònù ṣírò 56 Tíṣà bóyá irọ́ ni. Nígbà tó dalẹ́ ó pe àbúrò ẹ̀, ìyẹn dákẹ́ díẹ̀ ó wá ní "Bọ̀ọ̀dá, èmi gan-an ti ń wá bí mo ṣe máa sọ fún yín pé bóyá ni mo máa lè wá." Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ka mẹ́síìjì tèmi látàná, wọn ò tíì fèsì, ọkàn mi ò balẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Wọ́n á fèsì. Kí lọmọ náà wá fàlà sí?

Ẹni tó béèrè: Bọ́ọ̀lù ni mà. Ohun tó kọ ni "bọ́ọ̀lù tí kì í jò." Ṣé irú ẹ̀ wà?