Ọ̀sẹ̀ márùn-ún láìfẹnu kan ẹ̀bà: ṣé ọ̀rá ni mò ń sọ nù ni?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọmọ ọdún 41 ni mí, aránṣọ ni mí, orí ìjókòó ni mo máa ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Kílò 92 ni mo wọ̀n kí n tó bẹ̀rẹ̀ kétò, ìyẹn ọ̀nà ìjẹun tí wọ́n fi ń pa oúnjẹ onísítáàṣì àti ṣúgà tì, tí wọ́n ń jẹ ọ̀rá dípò rẹ̀. Kò sí ẹ̀bà, kò sí àmàlà, kò sí ìrẹsì. Ẹyin méjì láàárọ̀, ẹ̀fọ́ rírò tí epo léfòó lórí rẹ̀, pọ̀nmọ́ dáadáa, ẹja díndín díẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kílò 4 lọ! Inú mi dùn gan-an. Láti ìgbà náà, kílò kan péré ló tún kúrò. Apá mi ti ń rọ̀, ikùn mi sì wà níbẹ̀. Téèpù tí mo fi ń wọn oníbàárà ni mo fi wọn ara mi: ìbàdí kúrò ní íǹṣì 41, ó di 40. Ẹnìkan ní kí n fi epo kún un sí i. Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Dúpẹ́: Má sọ̀rètí nù, arábìnrin mi. Kétò ni mo fi sọ kílò 11 nù láàárín oṣù mẹ́jọ. Ebi kì í pa mí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, èyí ló ràn mí lọ́wọ́.

Kóòṣì Wálé: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Èyí tó pọ̀ jù nínú kílò 4 yẹn, omi ni. Ara máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara, gíráàmù kan rẹ̀ sì máa ń di omi tó tó gíráàmù 3 mọ́ra. Tí ẹ bá pa gààrí tì, ìpamọ́ náà á tán, omi rẹ̀ á sì bá ìtọ̀ lọ. Ẹ má jẹ́ kó bà yín nínú jẹ́, bó ṣe ń rí fún gbogbo ènìyàn nìyẹn.

Ti epo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa tó bíi kálórì 120. Ṣíbí mẹ́ta tó léfòó lórí ẹ̀fọ́ ti sún mọ́ kálórì inú gààrí gíráàmù 100. Bí ọ̀rá oúnjẹ bá pọ̀ tó, ara ò ní fọwọ́ kan ọ̀rá ikùn. Apá yín tó ń rọ̀ ló ká mi lára jù, ó lè jẹ́ pé ẹran ara ń lọ. Pọ̀nmọ́ dùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n pròtéènì inú rẹ̀, èyí tó ń kọ́ ẹran ara, kò pé. Pròtéènì inú ẹyin méjì sì kò ju bíi gíráàmù 12 lọ. Ẹ fi ẹja, adìẹ àti ẹyin kún un títí pròtéènì yín á fi tó gíráàmù 100 lójúmọ́. Kẹ́ẹ̀gì lítà 5 tó kún fómi, kílò 5 ni: ẹ máa gbé e sókè sódò, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Bùọ̀dá Kúnlé: Kóòṣì, ṣé ẹ ní kétò kò dára ni?

Kóòṣì Wálé: Rárá o. Ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín ènìyàn 609 sí ọ̀nà méjì fún ọdún kan. Àwọn kan dín oúnjẹ afáralókun, bíi ìrẹsì àti ṣúgà, kù, àwọn kan dín ọ̀rá kù. Èsì rẹ̀ jáde ní 2018: ẹgbẹ́ tó dín ọ̀rá kù sọ kílò 5.3 nù, èkejì 6.0. Ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn kan sọ ju kílò 20 nù, àwọn mìíràn tún sanra sí i. Èyí tí Àǹtí Dúpẹ́ lè jẹ fún oṣù mẹ́jọ láìsí ebi, òun ló bá Àǹtí Dúpẹ́ mu.

Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mí: Ìyá Ìbejì, ṣé ẹ kò ní ìtọ̀ ṣúgà? Ẹni tó bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà bíi ínsúlínì tàbí glibenclamide, tó sì ṣàdédé pa oúnjẹ onísítáàṣì tì, ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ débi pé yóò dákú. Dókítà gbọ́dọ̀ tún oògùn náà wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún ṣe àyẹ̀wò kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, ìyẹn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, torí bí ìdajì epo pupa jẹ́ irú ọ̀rá tó ń gbé e sókè. Mo ti rí ẹni tí tirẹ̀ lọ sókè gan-an lórí kétò, bẹ́ẹ̀ ó ti fọn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣé gan-an. N kò ní ìtọ̀ ṣúgà, ṣùgbọ́n màmá mi ní in, màá lọ ṣàyẹ̀wò lọ́jọ́ Ajé. Ìbéèrè kan ló kù: ẹ̀wà ń kó? Àwọn ọmọ mi fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín, ó sì ń ṣòro fún mi láti máa se ìkòkò méjì.

Kóòṣì Wálé: Ẹ bá wọn jẹ ẹ́. Kétò líle kò gba ẹ̀wà, ṣùgbọ́n ọ̀rá lẹ fẹ́ sọ nù, ẹ̀wà sì ní pròtéènì, kì í sì í jẹ́ kí ebi tètè pani. Ẹyọ mọ́ínmọ́ín kan pẹ̀lú ẹja nínú rẹ̀, epo díẹ̀. Ẹ fi téèpù yẹn wọn ìbàdí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láàárọ̀ kí ẹ tó jẹun, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi.