Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: fídíò aṣọ òkè wa kì í jáde táwọn oníbàárà bá wá a lórí YouTube

Ìyá_Olófì
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ìsẹ́yìn la wà, aṣọ òkè là ń hun. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń fi fóònù yà wá nídìí òfì, èmi ni mò ń gbé e sórí YouTube. Àwọn oníbàárà wa ní London àti Houston ní àwọn wá wa títí, àwọn ò rí wa, àfi tí mo bá fi líǹkì ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Àkọlé èyí tá a gbé síta kẹ́yìn ni "Iṣẹ́ ọwọ́ wa, ẹ bá wa yọ̀", ìṣẹ́jú méjìlá ni. Ṣé kí n pa á rẹ́, kí n tún un gbé síta? Ẹnì kan ní kí n mówó wá, òun á bá mi fi tags, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ ìwákiri, sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Oní_Kámẹ́rà_Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o, mà. Ẹ má sanwó tags fún ẹnikẹ́ni. YouTube fúnra wọn ló sọ ọ́ lójú ewé ìrànlọ́wọ́ wọn pé iṣẹ́ tí tags ń ṣe kò tó nǹkan, àyàfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn sábà máa ń ṣì kọ. Àkọlé, thumbnail (àwòrán táwọn èèyàn ń rí kí wọ́n tó ṣí fídíò) àti àlàyé tó wà nísàlẹ̀ fídíò ni kẹ́ ẹ mójú tó.

"Iṣẹ́ ọwọ́ wa, ẹ bá wa yọ̀" dùn létí, àmọ́ ta ló máa tẹ ìyẹn síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan? Ìyá ìyàwó tó wà ní Peckham ní London á tẹ "aso oke for wedding" ni, tàbí "sanyan", ìyẹn irú aṣọ òkè kan. Ẹ ṣí YouTube, ẹ tẹ "aso oke" síbi ìwákiri, kẹ́ ẹ sì dáwọ́ dúró. Àwọn ọ̀rọ̀ tó máa jáde nísàlẹ̀ yẹn, ohun táwọn èèyàn ń wá ló wà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́tà 100 ni wọ́n gbà yín láyè fún àkọlé, fóònù kì í sì í fi gbogbo rẹ̀ hàn, nítorí náà orúkọ aṣọ ni kó ṣíwájú: "Sányán: bá a ṣe ń hun aṣọ òkè ìgbéyàwó ní Ìsẹ́yìn".

Àlàyé lè gba tó lẹ́tà 5,000, àmọ́ ìlà bíi mélòó kan ló ń hàn kéèyàn tó tẹ̀ ẹ́ ṣí. Irú aṣọ, ìlú yín, bí wọ́n ṣe lè kàn sí yín, ibẹ̀ ni kí gbogbo ìyẹn wà. Àdúrà lè wà nísàlẹ̀, Ọlọ́run á gbọ́ ọ níbẹ̀ náà.

Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́! Tẹ́ ẹ bá pa á rẹ́, gbogbo líǹkì tẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́ di òkú nìyẹn, iye àwọn tó ti wò ó náà á sì lọ. Ẹ lè pààrọ̀ àkọlé, thumbnail àti àlàyé láìfọwọ́ kan fídíò. Fídíò gan-an lẹ ò lè fi òmíràn rọ́pò lórí líǹkì kan náà.

Tíṣà_Yorùbá
Gbogbo ohun tí Oní_Kámẹ́rà sọ ni mo fara mọ́, àmọ́ ẹ má tìtorí ìwákiri yọ àmì ohùn kúrò lára àkọlé yín. Ẹ kọ "Aṣọ Òkè" bó ṣe yẹ, kẹ́ ẹ wá fi "aso oke", "asooke" àti "aso-oke" sínú tags àti àlàyé. Ohun tí tags wà fún gan-an nìyẹn. Ẹ tún lọ sínú YouTube Studio, níbi tẹ́ ẹ ti ń bójú tó fídíò yín, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sísàlẹ̀ fídíò (subtitles), ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí wọ́n bí sí London tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa, òun náà máa ṣègbéyàwó.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn_Houston
Mà, mo ti wo fídíò yẹn. Kí n má purọ́, díẹ̀ ló kù kí n pa á. Ẹ kí àwa tá à ń wò yín, ẹ kí ìlú, ẹ kí àwọn ẹgbẹ́, aṣọ ò tíì yọjú! Nígbà tó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ni àbúrò yín tó sún mọ́ òfì: ọwọ́ ọ̀tún ju ọkọ̀ (igi tó ń gbé òwú kọjá), ọwọ́ òsì gbà á, fọ́nrán àlàárì pupa já wọ àárín ẹtù, igi sì rọ́ ọ mọ́lẹ̀ gbà! Irú ibẹ̀ ni kí fídíò yín tó ń bọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìkíni lè tẹ̀ lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orin fújì yẹn kúrò. Ìró òfì dùn ju orin lọ, olórin sì lè sọ pé òun ló ni ín, kí owó ìpolówó máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ tàbí kí wọ́n dí fídíò yín láwọn orílẹ̀-èdè kan. Tó bá di dandan kí orin wà, Audio Library, àkójọ orin ọ̀fẹ́ ti YouTube, wà níbẹ̀.

Dátà_Ti_Tán
Ṣé àbúrò yín ń fi fídíò ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kẹ́ ẹ tó gbé e síta? Mo béèrè torí pé mo rí i pé fọ́nrán aṣọ ṣú mọ́ra wọn. WhatsApp ń fún fídíò pọ̀. Kó fi ránṣẹ́ bíi document, ìyẹn ò ní jẹ́ kó bàjẹ́, ó sì lè tó 2GB.

Irú fáìlì MP4 ni kẹ́ ẹ lò, kí àwòrán jẹ́ H.264, kí ohùn jẹ́ AAC. 1080p (bí àwòrán ṣe mọ́ kedere tó) ní ìwọ̀n 8 Mbps (dátà ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan) tí YouTube dábàá á jẹ bíi 720MB fún ìṣẹ́jú méjìlá yín. Tí dátà bá ń dùn yín, 720p ní 5 Mbps á jẹ nǹkan bíi 450MB. Èmi ò ní lo 720p fún aṣọ o, torí oníbàárà fẹ́ rí ojú ọnà.

Àwọn kan ní ẹ gbọ́dọ̀ yí orúkọ fáìlì padà kó tó wọlé. Kò burú, àmọ́ n kò tíì rí ẹ̀rí kankan.

Oní_Kámẹ́rà_Ìbàdàn
Mo gbàgbé. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù jẹ́rìí sí ìkànnì yín, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní lè fi thumbnail tara yín sí i, fídíò ò sì ní lè ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹ tún wo ibi tí wọ́n ti ń béèrè bóyá fún àwọn ọmọdé ni. Rárá ni. Tẹ́ ẹ bá lọ ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á ti ibi tí èèyàn lè kọ̀wé sí nísàlẹ̀ pa, oníbàárà ò sì ní lè béèrè iye owó.

Ẹ pín ìṣẹ́jú méjìlá yẹn sí orí-orí nínú àlàyé. 0:00 ni ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́, ó kéré tán kó pé mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá:
0:00 Ìkíni
4:00 Híhun àlàárì
6:40 Bá a ṣe ń rán an pọ̀

Ọmọ_Ìsẹ́yìn_Houston
Shorts, fídíò kúkúrú YouTube, ńkọ́? Láti oṣù October 2024 ni wọ́n ti jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ibi tí wọ́n ti ń ju ọkọ̀ yẹn, ẹ gé e, kó dúró gbọọrọ. Líǹkì inú àlàyé Shorts kì í ṣeé tẹ̀, torí náà ẹ lo "related video" láti fi mú wọn wá sórí fídíò gígùn.

Ìyá_Olófì
Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á fún yín ní owó aṣọ. Mo ti pààrọ̀ àkọlé, mo sì ti jẹ́rìí sí ìkànnì. Ó ku thumbnail, ìjà sì ti dé: àbúrò mi ní ojú òun ló yẹ kó wà níbẹ̀, èmi ní aṣọ ni.

Dátà_Ti_Tán
Aṣọ ni, mà. Kí àwòrán jẹ́ 1280 sí 720 pixel, kí aṣọ kún gbogbo rẹ̀.

Ọmọ_Ìsẹ́yìn_Houston
Kí àbúrò dì í mú, kí ọwọ́ rẹ̀ hàn díẹ̀. Mà, èló ni sányán orí ìṣẹ́jú kẹjọ yẹn?