Ohun tójú mi rí létí odò Red, Fargo, 2009

Ẹni tó ń béèrè bóyá kí òun ra ilé létí odò Red ní Fargo, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ North Dakota l'Amẹ́ríkà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí níbẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 2009.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Omíyalé tàwa, òjò ló ń gbé e wá, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti ṣọṣẹ́ tán. Ti Fargo ò rí bẹ́ẹ̀. Sínóò tó ti ń jọ látìgbà òtútù ló ń yọ́ nígbà ìrúwé, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ò ríbi gbà. Àríwá ni odò náà tún ń ṣàn sí, lọ́nà Kánádà. Omi gúúsù ti yọ́, ó ń bọ̀, yìnyín ṣì dí odò níwájú.

Tí òpó ìwọ̀n wọn bá ti ka ẹsẹ̀ bàtà 18, odò ti ń kún bo bèbè nìyẹn. Lọ́dún yẹn wọ́n ní yóò tó 41, nígbà tó yá wọ́n ní ó lè dé 43. Bẹ́ẹ̀, 40.1 ti ọdún 1897 ló ga jù tí wọ́n tíì rí! Ẹni tó ti fi àpò iyanrìn mọ odi yí ilé ẹ̀ ká parí tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè.

Fargodome, gbọ̀ngàn eré ìdárayá ńlá ìlú náà, la ti ń bu iyanrìn sápò, tọmọdé tàgbà. Ìyá òyìnbó kan ń yẹ àpò wò lọ́kọ̀ọ̀kan: ìlàjì ni, tàbí kó lé díẹ̀. Èyí tó bá kún dẹ́ńdẹ́ń kì í lẹ̀ mọ́ra, àárín ẹ̀ lomi ń gbà. Ìyá yẹn ò gba gbẹ̀rẹ́ rárá. Òtútù wá le, àpò mìíràn gan bí òkúta. À ń ráhùn, láìmọ̀ pé òtútù ọ̀hún ló ń gbà wá, torí sínóò ò yọ́ mọ́. Lọ́jọ́ 28, omi dúró ní 40.84.

Àwọn kan ní àwọn tó sọ àsọtẹ́lẹ̀ kàn dẹ́rù bani lásán ni. Èmi ò bá wọn sọ ọ́. Ní Grand Forks, ìlú mìíràn létí odò yìí kan náà, lọ́dún 1997, 49 ni wọ́n sọ, 54.35 lomi dé. Gbogbo ìlú fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo tán, iná tún ṣẹ́ yọ láàárín omi, ó jó ilé 11. Ẹ má wo iye kan ṣoṣo tí wọ́n bá gbé jáde. Kí ìgbà òtútù tó parí, wọ́n máa ń sọ ibi tí omi lè dé, àti bó ṣe ṣeé ṣe tó. Èyí tó ga jù ni kẹ́ ẹ fi ṣe ìmúra.

Ẹ tètè ra inṣọ́ránsì omíyalé o. Ti ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń gba 30 ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tí sínóò ń yọ́, ó ti bọ́.