Èsì: "Ìyíwọ́n" tí wọ́n fẹ́ kó wọnú ìwé oúnjẹ

Ẹ̀yin ará ilé,

Mo ní n kò ní dá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ń di àṣà. Ẹ̀gbọ́n wa ní Iléṣà tó ń kọ ìwé oúnjẹ ń wá ọ̀rọ̀ fún kí a mú ife fuláwà kan, ká sọ ọ́ di gíráàmù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n wá ṣẹ̀dá fún wa, láti ara "yí" àti "wọ̀n" (ká díwọ̀n nǹkan), ni "ìyíwọ́n". Àmì òkè! Ọjà ló ń wọ́n, omi la ń wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó bá ka ìyíwọ́n á rò pé ọ̀wọ́n gógó là ń bá jà.

Èsì wọn ni pé kò sẹ́ni tó ń pe "wọ̀n gààrí", pé "wọn gààrí" là ń wí. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e ló gbé ohùn rẹ̀ kúrò nílẹ̀ dé àárín. Ṣé ìyẹn wá ní kó fò dé òkè àjà? Ẹ pe "wọ̀n ọ́n" síta, kí ẹ gbọ́ ohùn tó jáde.

Ká tiẹ̀ tún àmì ṣe, "ìyíwọ̀n" kò tíì jẹ́. Alápatà tó gbé ẹran sórí síkéèlì, ó ń wọ̀n ọ́n. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ tó ń fi kọ́ńgò bù ú, òun náà ń wọ̀n ọ́n. Èwo la wá ń yí sí èwo? Ìwúwo là ń wá. Ará wa tó kọ̀wé láti Jámánì ní ìwúwo kò ṣe é kọ nọ́ńbà sí. Gíga ńkọ́? À ń sọ pé gíga ògiri jẹ́ mítà méjì, ẹnikẹ́ni ò bá wa jà.

Ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ife tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń dáná gba nǹkan bíi mìlílítà 240. Tó bá jẹ́ omi, ìwúwo rẹ̀ á sún mọ́ gíráàmù 240. Fuláwà tí a rọra bù sínú ife kan náà kò ju bíi 120 sí 125 lọ, ṣúgà tó 200, oyin ń lọ sí 340. Lítà epo pupa kan kò pé kílò. Ṣebí ojú wa náà ni epo fi ń lékè omi.

Fuláwà ọ̀hún kì í sì í dúró sójú kan. Ẹ fi ṣíbí rọra bù ú sínú ife, ẹ tún ki ife bọnú àpò, ìwúwo wọn ò ní dọ́gba. Àwọn ẹlẹ́lùbọ́ ọjà Odò-Ògbè níbí ní Ifẹ̀ mọ̀ ọ́n tipẹ́. Èlùbọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀ a máa fẹ̀ nínú kọ́ńgò. Oníbàárà tó bá lójú á ní kí wọ́n gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, á rì, wọ́n á tún bù sí i kó tó wá kan èènì.

Ẹ̀gbọ́n ní ìyá àwọn ta gààrí lọ́jà Atákúmọ́sà, kí ẹnikẹ́ni má kọ́ àwọn ní wíwọ̀n. Ẹ rọra o, Ìjẹ̀ṣà Òṣómàáló! Ìyá tèmi ta èlùbọ́, ìyẹn ò sọ mí di onígírámà. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn ì bá kàn ní "ẹ bá mi wo bó ṣe wúwo tó".

Ẹ kọ "ìwúwo ife kan" sókè àtẹ inú ìwé náà, kí nọ́ńbà tẹ̀ lé e. Kò sí ọ̀rọ̀ tuntun tí a fẹ́ fi ṣe.

Ti àríyànjiyàn pé ṣé òṣùwọ̀n la ń kọ ni àbí òṣùnwọ̀n, tí àwọn kan tún hú jáde lálẹ́ àná, òṣùwọ̀n ni mo dì mú. Ẹni tó ní òṣùnwọ̀n ló tọ̀nà ni kó wá sọ ibi tó ti rí "n" yẹn.