Mo ti ra sólà àti bátìrì, kí ló dé tí bíìlì iná mi ò wálẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú dédé ìwòyí o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbà mí o, ọ̀rọ̀ yìí ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọkọ mi. Torí owó iná ìjọba tó wọ́n yìí la ṣe kó gbogbo owó tá a ní jọ, a ra sólà, a ra bátìrì, éńjíníà wá, ó dá ihò sára ògiri tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, kò tiẹ̀ sọ pé ẹ má bínú, ó wá ní kí n fọkàn balẹ̀ pé bíìlì máa já sí ìlàjì. Bíìlì dé, kò yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀! Àwa tá ò kì í tan éésì! Àwọn ọmọ gan-an mọ̀ pé kí wọ́n paná tí wọ́n bá ti ń jáde ní yàrá. Mo pe éńjíníà, ó ní kí n ní sùúrù. Sùúrù wo? Láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́sàn-án alẹ́ ni owó iná tiwa máa ń wọ́n jù, ìgbà yẹn gan-an ni gbogbo wa wà nílé. Àbí wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni?

Ọmọ Oníwáyà: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Bátìrì wo ni? Pánẹ́ẹ̀lì mélòó? Kí ló ń fa iná nílé? Ẹ ò tíì sọ ohun tá a máa fi mọ ibi tó ti ń jò.

Bàbá Rere: Jìbìtì ni. Èmi náà ra bátìrì olómi, kò pẹ́ rárá tó fi kú. Ẹni tó tà á fún mi ò sọ pé ìlàjì ẹ̀ ni kéèyàn máa lò kó tó ṣáájì ẹ̀ padà. Ẹ fa éńjíníà yẹn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má dárúkọ ọlọ́pàá o. Lítíọ́mù ni, wọ́n kọ 51.2V 100Ah sí i lára. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́fà.

Sìsí Elérò: 51.2 lọ́nà 100 jẹ́ 5,120, ẹgbẹ̀rún kan ló ń jẹ́ yúnìtì kan, yúnìtì márùn-ún lé díẹ̀ nìyẹn. Ó yẹ kó gbé fáànù, gílóòbù, tẹlifíṣọ̀n àti firíìjì la ìrọ̀lẹ́ já. Hítà omi ńkọ́? Hítà 3 kilowatt, wákàtí kan péré, yúnìtì mẹ́ta ti lọ.

Ìyá Ìbejì: Hítà ò gba ara sólà kọjá, ara iná ìjọba ló wà tààrà. Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé kí n pa hítà, mo ní ìbejì nílé.

Bàbá Rere: Ẹ wá ń pariwo bíìlì!

Olúwasùn: Ẹ lọ nu pánẹ́ẹ̀lì yín mà, eruku ni. Tiwa nígbà yẹn, òjìji igi kan ló bo pánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, gbogbo èyí tí wọ́n so mọ́ ọn sì rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Kì í ṣe eruku, mo máa ń wo ojú ínfátà. Kó tó di aago méjì ọ̀sán bátìrì ti kún. Kódà tá a bá jẹun alẹ́ tán, mo máa ń rí i tó ń kọ CHARGING, bátìrì ọ̀hún dáa.

Ọmọ Oníwáyà: Ẹ dúró ná mà. Lálẹ́ kẹ̀? Oòrùn wo ló ń ṣáájì ẹ̀ lálẹ́? Iná ìjọba lẹ fi ń ṣáájì ẹ̀, ní àkókò tó wọ́n jù! Iná tó bá sì gba inú bátìrì kọjá, díẹ̀ á ṣòfò nínú ẹ̀, ìyẹn ni pé ó tún wọ́n ju kẹ́ ẹ lo iná ìjọba lásán lọ. Ẹ ní kí wọ́n yí i kó jẹ́ sólà nìkan láá máa ṣáájì ẹ̀, kí bátìrì lọ dé 20% kó tó padà sórí iná ìjọba.

Bàbá Rere: 20%! Ẹ fẹ́ kí bátìrì obìnrin yìí bàjẹ́.

Sìsí Elérò: Lítíọ́mù ni bàbá, kì í ṣe olómi. 20% ò ní ṣe é ní nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì: Èmi ni mo ní kí éńjíníà jẹ́ kí iná ìjọba máa ṣáájì ẹ̀. Ọ̀kan nínú ìbejì ní ikọ́ fée, ẹ̀rọ la fi ń fín oògùn sí i nímú tó bá dé lóru, iná ìjọba sì máa ń lọ láìsọ. Mi ò lè jẹ́ kí bátìrì lọ dé 20%, ká má fà á.

Ọmọ Oníwáyà: Há, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ mà. Ọlọ́run á wò ó sàn. Ó yá, ẹ fi í sí 50%, ẹ̀rọ oògùn ọmọ ò fa iná púpọ̀, ìyẹn á gbé e mọ́jú. Ẹ wá ṣètò pé iná ìjọba ò gbọdọ̀ ṣáájì bátìrì àfi lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Ẹ fi táímà sí hítà kó máa mú omi gbóná kó tó di aago mẹ́rin, omi inú táǹkì ò ní tutù kí ìbejì tó wẹ̀.

Olúwasùn: Ẹ ṣì nu pánẹ́ẹ̀lì náà o.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun. Níbo lójú ínfátà ni wọ́n ti ń ṣètò aago yẹn? Mi ò fẹ́ pe éńjíníà yẹn mọ́.

Ọmọ Oníwáyà: Wọn ò rí bákan náà mà. Ẹ ya ojú ẹ̀ àti orúkọ tó wà lára ẹ̀, kẹ́ ẹ fi síbí.